Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa mọ àdúgbò tó yẹ ká gba ilé sí?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ kó lọ sí ìlú tí a ò mọ ẹnì kankan, iṣẹ́ ló ń gbé wa lọ, a ò sì tíì bímọ. Àárín ìlú ni ọ́fíìsì tèmi wà, àmọ́ ilé nìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa ń ṣe ìpàdé, torí náà ariwo ò bá a lára mu rárá.

Ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú nìyí: àwọn ilé tó sún mọ́ ọ́fíìsì há, wọ́n tún wọ́n, àwọn tó jìnnà fẹ̀ dáadáa owó wọn sì wálẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ro owó ọkọ̀ àti àkókò tí màá fi jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́ ọn, mi ò rí èrè níbẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ní ká kọ́kọ́ háyà ilé kékeré fún oṣù 3, ká fi wo ìlú náà ká tó tọwọ́ bọ̀wé ọdún kan. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kíkó ẹrù lẹ́ẹ̀mejì!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí lẹ kọ́kọ́ wò? Ṣé ká lọ rìn káàkiri ibẹ̀ lálẹ́ ni, àbí ká bi àwọn tó ń gbébẹ̀? Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ọkàn obìnrin á balẹ̀ tó bá ń dá rìn bọ̀ lálẹ́? A ò sì fẹ́ gbé ibi tá ò ti ní rójúgbà bá sọ̀rọ̀. Ẹ dákun, oṣù tó ń bọ̀ la máa lọ.