Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ọrùn ẹsẹ̀ rọ́ ni tàbí ó kán?

Bọ́sẹ̀_Òṣogbo
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ló tẹ kòtò lórí pápá bọ́ọ̀lù lánàá, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí sínú. Ibi kókósẹ̀ ìta ti wú tó ẹyin adìyẹ, ó ti ń dúdú lábẹ́ awọ. Ó ní òun gbọ́ tó dún "pàá". Ó ń tiro dé ilé ìwẹ̀. Màmá wa ti gbé omi kaná láti fi jó o, wọ́n sì fẹ́ pe bàbá tó ń to eegun. Ṣé ó kán ni àbí ó rọ́ lásán?

Fisió_Àgbà
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bẹ màmá kí wọ́n sọ omi gbígbóná náà kalẹ̀. Ooru máa ń fa ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀ ni, ẹsẹ̀ á tún wú sí i. Ó di ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fi ooru kàn án.

Wíwú, dúdú àti "pàá" yẹn, kò sí èyí tó lè fi yé yín bóyá ó kán. Bí ẹsẹ̀ bá yí sínú, okùn tó so eegun mọ́ eegun níwájú kókósẹ̀ ìta ló sábà máa ń já. Òun náà máa ń dún tó bá já, ẹ̀jẹ̀ á dà sábẹ́ awọ, ẹsẹ̀ á sì lè wú ju ti ẹni tí eegun rẹ̀ sán lọ.

Ibi tó ti ń dùn ún gan-an àti ìrìn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Àwọn dókítà ní Ottawa, ní Kánádà, ló gbé ìlànà yìí jáde ní 1992. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó na ẹsẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn eegun kókósẹ̀ ìta, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 6 sókè, bí ìbú ìka mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀ wálẹ̀ títí dé ṣóńṣó eegun náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún kókósẹ̀ inú pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ tọ ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ lọ sí ìka tó kéré jù: eegun kan yọ gọ́ńgọ́ ní agbedeméjì, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún tẹ eegun tó wà níwájú kókósẹ̀ inú, lókè ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti kọ́ sókè.

Bí eegun ọ̀kan nínú wọn bá dùn ún tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó di X-ray. Bákan náà ni bí kò bá lè gbé ìgbésẹ̀ 4, méjì lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tó ṣubú, tí kò sì lè gbé e báyìí. Ìgbésẹ̀ ni ìgbésẹ̀, kódà bó ń tiro. Àmọ́ bó bá jẹ́ ibi rírọ̀ níwájú àti nísàlẹ̀ kókósẹ̀ ìta nìkan ló ń dùn, tó sì ń rìn, ó rọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì_Ìlú
Bẹ́ẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ yín dán ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri wò, tàbí ẹni tó mutí yó: kò ní mọ̀ pé ó ń dun òun. Àwọn ọmọ kéékèèké náà, ọ̀dọ̀ dókítà ni, torí ibi tí eegun wọn ti ń dàgbà kò le tó okùn tó so ó.

Nípa títo eegun: bí eegun bá sán tí kò tíì yẹ̀, fífà àti wíwọ́ lè mú un yẹ̀. Èyí tó burú jù ni ọparun tí wọ́n dì mọ́ ẹsẹ̀ tó ṣì ń wú. Ẹsẹ̀ ń wú, okùn tí wọ́n fi di ọparun náà ò dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dé ìka, ẹsẹ̀ á sì kú débi pé gígé ló kù. Ẹ tẹ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kó funfun, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí kò bá padà pọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, tí ìka tutù, tàbí tí ẹsẹ̀ wọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bọ́sẹ̀_Òṣogbo
Ẹ ṣé gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ẹ̀yìn kókósẹ̀ méjèèjì kò dùn ún, ó sì gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmọ́ nígbà tí mo kan eegun gọ́ńgọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀, ó kígbe.

Fisió_Àgbà
X-ray ni, bó tilẹ̀ ń rìn. Iṣan kan láti ojúgun so mọ́ eegun yẹn. Bí ẹsẹ̀ bá yí sínú, ó lè fa ṣóńṣó rẹ̀ já. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bàtà líle fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ti tó fún un. Bó bá jẹ́ pé ó kán síwájú díẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ dáadáa, ó máa ń pẹ́ kó tó so. Ìyẹn ló fi yẹ kí dókítà rí i.

Títí tẹ́ ẹ fi máa dé ibẹ̀, ẹ fi aṣọ wé píọ̀ wọ́tà tó dì, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Parasitamó 500 mg, hóró méjì ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ju mẹ́jọ lọ lójúmọ́. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ya X-ray, ẹ fi ìka hàn wọ́n ibi tó ti kígbe, kí ẹ sọ pé kí wọ́n ya ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ nìkan.