Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo fíìmù Orgueil et Préjugés, báwo ló ṣe rí nílé yín?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ti 2005 ni mo ń wí o, èyí tí Keira Knightley ṣe Elizabeth. Èmi àti màmá mi la jọ wò ó, mò ń túmọ̀ Faransé fún wọn. Ibi tí òjò ti pa àwọn méjèèjì, tí Darcy, ọkùnrin olówó yẹn, ń sọ pé òun fẹ́ Elizabeth àmọ́ ẹbí rẹ̀ ò tó ẹgbẹ́ òun, màmá mi bọ́ sálúbàtà kan, wọ́n nà án sí tẹlifíṣọ̀n: "Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìyàwó nìyẹn? Àwọn àgbà ẹ dà?"

Tísà Lísẹ́: Kò sí òjò níbẹ̀ nínú ìwé. Inú ilé Collins, àlùfáà yẹn, lọ̀rọ̀ ti wáyé. Láti 1813 ni Jane Austen ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ kà á.

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́: Tísà ti dé 😂

Ìyá Ìbejì Kétu: Òjò yẹn dùn mọ́ wa, jàre. Ìyá Elizabeth lèmi ń gbè lẹ́yìn. Ẹ ń fi í ṣẹ̀sín pé ó ń wá ọkọ kiri. Ọmọbìnrin márùn-ún! Bí baba bá kú, ìbátan ọkùnrin ló máa gba ilé. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Nígbà tí bàbá wa kú, ogójì ọjọ́ ò tíì pé táwọn ẹbí fi wá. Àga tí bàbá fi ń gbatẹ́gùn lójúde ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ìyá mi kàn ń wò wọ́n ni.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.

Baba Zẹ́mì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹnu obìnrin yẹn pọ̀, díẹ̀ ló kù kó ba ti Jane, àkọ́bí ẹ̀, jẹ́.

Ìyá Ìbejì Kétu: Ó ṣáà rọ́kọ fún mẹ́ta.

Baba Zẹ́mì: Ẹ ka Lydia, àbíkẹ́yìn wọn, mọ́ ọn? Èyí tó bá Wickham sá lọ! Darcy ló sanwó kí bọ̀bọ́ yẹn tó gbà láti fẹ́ ẹ. Ọkọ ìyàwó la wá ń dána fún báyìí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin: Ní ti ogún, òfin ìdílé tó jáde lọ́dún 2004 ti sọ ọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ níbí: ọgbọọgba lọ́kùnrin lóbìnrin ń pín in.

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́: Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti ṣòfin, ilẹ̀ bàbá mi wà ní Sábẹ̀ẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin: Ilé ẹjọ́ wà.

Ìyá Ìbejì Kétu: A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, ọmọ mi.

Àdìó: Kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ Darcy ni? Ó fa Elizabeth lọ́wọ́ gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó yíjú lọ, ìka wá ń nà gbalaja! Mo ń dá a padà ṣáá títí ìyàwó mi fi gba rìmóòtù.

Tísà Lísẹ́: Ìyẹn náà ò sí nínú ìwé. Ti 1995 ni kẹ́ ẹ wò, ti Colin Firth, apá mẹ́fà. Ìyẹn tẹ̀ lé ìwé.

Àdìó: Tísà, adágún omi tí Firth bẹ́ sí, ojú ìwé wo ló wà?

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́: 😂😂😂

Ìyá Ìbejì Kétu: Tísà, a ń retí yín o.

Tísà Lísẹ́: Mo níṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Ó dàárọ̀.