Òṣèlú ti fẹ́ tú gúrúùpù àdúgbò wa ká ní Ìjọ́kà. Kí la lè ṣe?

Akọ̀wé Ìjọ́kà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa lójú ọ̀nà Ìjọ́kà, nílùú Àkúrẹ́. Onílé àti ayálégbé ló wà nínú gúrúùpù WhatsApp wa. Àtìgbà ìbò gómìnà oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni ìjà ti wọ ibẹ̀, bí 2027 sì ṣe ń sún mọ́lé yìí, ó tún ń le sí i. Bí mo bá béèrè bóyá ká dáwó tún tiransifọ́mà ṣe tàbí ká gba ọlọ́dẹ kejì, kílẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ á ti di APC àti PDP. Mo gbé ìbò síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀pọ̀ ayálégbé ò dá sí i. Ọ̀kan nínú wọn wá bá mi nílé, ó ní òun ò lè tako bàbá onílé òun lójú gbogbo ayé. Àwọn kan ní kí n lé gbogbo olóṣèlú jáde. Ṣé ká fòfin de òṣèlú ni?

Ìyá Aláṣọ, Arákàlẹ̀:
Akọ̀wé, ẹ má lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tẹ́ ẹ bá lé á dá gúrúùpù tiẹ̀ sílẹ̀, á sì kó ìdajì àdúgbò lọ. Èmi ni ádímìn gúrúùpù àwa aláṣọ kan. Ariwo wa pọ̀, ṣùgbọ́n a máa ń parí ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe òṣèlú ló ń dá ìjà yín sílẹ̀. Ẹ ò mọ ọjọ́ tí àríyànjiyàn máa parí, ẹ ò sì mọ ẹni tí ìpinnu wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni tó lanu, mo máa ń kọ ọ́ síta: kí là ń pinnu gan-an, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, ọjọ́ wo la ó tìlẹ̀kùn, ìbò mélòó ló gbọ́dọ̀ wọlé kí ìpinnu tó dúró. Ẹ wo ti tiransifọ́mà yín yẹn. Ṣé ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ìbò kan, àbí orí kọ̀ọ̀kan? Bó bá jẹ́ ilé, onílé á máa pàṣẹ, ayálégbé tó ń sanwó iná á kàn máa wòran. Bó bá jẹ́ orí, ilé onífúláàtì mẹ́fà á borí ẹni tó ń dá gbé ilé ara ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ja ìyẹn parí kẹ́ ẹ tó dórí iye owó. Òṣèlú gidi nìyẹn, APC ò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ní ti ìbò, ti WhatsApp tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀ ń fi orúkọ hàn. Ó dáa tá a bá fẹ́ mú àǹkárá, kò dáa fún ọ̀rọ̀ owó. Ẹ lo Google Forms tí ò béèrè orúkọ. Wàhálà tibẹ̀ ni pé ẹnì kan lè dìbò lẹ́ẹ̀mẹwàá (ẹ kúkú mọ̀ wá). Ẹ kọ nọ́ńbà sórí ìwé pélébé, ẹ ká wọn, ẹ dà wọ́n sínú fìlà, kí kálukú fọwọ́ ara ẹ̀ mú ọ̀kan nípàdé. Nọ́ńbà yẹn ló máa kọ sínú fọ́ọ̀mù. Èyí tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ẹyọ kan lẹ máa kà.

Ọmọ FUTA:
Ẹ ṣeun mà. Ní Taiwan, nígbà tí wọ́n ń jà lórí Uber ní 2015, Pol.is ni wọ́n lò, ìkànnì kan tí wọ́n fi ń gba èrò ọ̀pọ̀ èèyàn jọ. Èèyàn á kọ gbólóhùn kan, àwọn yòókù á ní àwọn gbà, àwọn ò gbà, tàbí kí wọ́n fò ó. Kò sáyè láti fèsì, torí náà kò sẹ́ni tó máa ráyè bú ẹnì kejì. Kọ̀ǹpútà á wá fi gbólóhùn tí ìhà méjèèjì jọ gbà hàn. Ọ̀kan nínú ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé kí ìbánigbófò wà fún èrò ọkọ̀.

Ìyá Aláṣọ, Arákàlẹ̀:
Àbúrò, ó dáa o. Bàbá tó ń lo fóònù oníbọ́tìnnì ńkọ́? Kí ọmọ kan gbé ìwé lọ bá wọn nílé kẹ́ ẹ tó ti ìbò.

Akọ̀wé Ìjọ́kà:
Mo dúpẹ́ mà. Ayálégbé tó fẹ́ kó jáde lóṣù tó ń bọ̀, ṣé òun náà á dìbò?

Ìyá Aláṣọ, Arákàlẹ̀:
Ṣé ẹ máa gbowó lọ́wọ́ ẹ̀? Tẹ́ ẹ bá máa gbà á, ẹ fún un ní nọ́ńbà. Ẹ sì yáa kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ ó dọjọ́ ìbò.