Ṣé ojúsàájú ni àwọn tó ń to tíìmù yunifásítì Amẹ́ríkà ń ṣe, àbí èmi ni ò yé?

ỌmọÌjàpọ̀

Ẹ n lẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé Premier League ni púpọ̀ nínú wa ń wò, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí lórí bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń gbé mọ́ra sá yẹn. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Tallahassee ló kó mi sí i, ó ti wá di pé ilẹ̀ Sunday máa ń mọ́ bá mi lójú fóònù ni, torí tí wọ́n bá ní aago méje ààbọ̀ alẹ́ lọ́hùn-ún lóṣù November, aago kan ààbọ̀ òru ni ní Àkúrẹ́ níbí, ìyàwó mi ti sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ ó ti fi mí sílẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé. Lọ́dún 2023, Florida State gbá ìdíje 13, wọ́n na gbogbo ẹni tó wá, wọ́n gba ife ACC, líìgì agbègbè wọn, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n máa mú tíìmù mẹ́rin tó máa du ife ńlá, ipò karùn-ún ni wọ́n fi wọ́n sí. Michigan, Washington, Texas, Alabama ni wọ́n mú. Alabama yìí kan náà ni Texas lọ nà mọ́lé ní 34-24! Ẹjọ́ tí wọ́n wá rò ni pé quarterback Florida State (ẹni tó ń darí ìkọlù, tó ń ju bọ́ọ̀lù), Jordan Travis, ti ṣèṣe lẹ́sẹ̀, tíìmù yẹn kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó dáa, wọ́n ṣáà na Florida 24-15 lẹ́yìn tó ṣèṣe, wọ́n tún na Louisville 16-6 láti fi gba ife, kí ni wọ́n tún fẹ́ kí wọ́n ṣe?

Ní líìgì tiwa níbí, tí Sunshine Stars bá na èèyàn, pọ́ìǹtì mẹ́ta, tí wọ́n bá ta ọ̀mì, ẹyọ kan, kò sẹ́ni tó máa bi yín bóyá ara gólkípà yín yá. Ta ló ń dìbò yìí gan-an, ta ló sì ń ṣọ́ wọn?

Ekimogun_Houston

Àbúrò, ẹ kú ìmójúkúrò oorun. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbí, àríyànjiyàn yìí kò tán rí, ọdọọdún ni wọ́n ń jà á.

Ìbò ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ti AP, ilé iṣẹ́ ìròyìn Amẹ́ríkà, àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá bí ọgọ́ta ló ń dì í, láti 1936 ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tí o bá fi ṣe kìíní gba pọ́ìǹtì 25, èkejì 24, títí dé ẹni kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó gba ẹyọ kan. Ti àwọn kóòṣì tún wà. Èyí tó wá lágbára láti 2014 ni ti kọ̀mítì ẹlẹ́ni 13, àwọn ọ̀gá eré ìdárayá ní yunifásítì àti àwọn kóòṣì tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Grapevine, nítòsí Dallas, wọ́n á máa to tíìmù. Tí wọ́n bá kan yunifásítì tó ń sanwó oṣù fún ọ ìwọ á bọ́ síta. Ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n wọn kì í ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ síta tí wọ́n bá kan ọ̀tá ẹ̀.

Ti àwọn kóòṣì ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Kóòṣì fúnra ẹ̀ wà lórí pápá ní Saturday, ìgbà wo ló fẹ́ wo tíìmù mìíràn? Ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń gbé bébà ìbò fún. Tó bá sì wò ó fúnra ẹ̀ náà, tíìmù tòun alára wà nínú ohun tó ń dìbò sí, ti ẹni tó nà án lọ́sẹ̀ tó kọjá náà wà níbẹ̀.

Àmọ́ ojúsàájú tó burú jù kò ní ọwọ́ ìkà nínú rárá, ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni. Oṣù August ni AP ti ń gbé ìwé àkọ́kọ́ jáde, ẹnikẹ́ni ò tíì gbá nǹkan kan. Ṣé ẹ mọ ilé ìwé tí wọ́n ti kọ orúkọ ọmọ tó máa gba ipò kìíní sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀? Bó ṣe rí nìyẹn. Lọ́dún 2004, USC (Southern California) bẹ̀rẹ̀ ní kìíní, Oklahoma ní èkejì, Auburn ní 17. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na àwọn. Ìgbà tó yá, ta ló gbá àṣekágbá? USC àti Oklahoma. Auburn sá eré tó lágbára, ó gun orí àwọn tó kù, ṣùgbọ́n àwọn méjì iwájú ò ṣubú, níbo ló fẹ́ gbà? USC wá na Oklahoma 55-19, ìdajì eré náà ló ti sú èèyàn. Àwọn ará Auburn kò tíì gbàgbé, ọ̀kan wà níbi iṣẹ́ mi, ẹ má dárúkọ 2004 lójú ẹ̀.

TíṣàAlágbàká

Ẹ̀gbọ́n Houston ti sọ òdodo lórí ti August, ṣùgbọ́n màá yàtọ̀ sí ẹni tó bèèrè níbì kan, ẹ jọ̀wọ́ sà. Àfiwé Sunshine Stars yẹn ò dúró. Nínú líìgì tiwa, gbogbo tíìmù ló máa pàdé ara wọn, nílé àti lóko, ìyẹn ni tébù fi lè dájọ́. Àwọn yẹn lé ní 130, ìdíje 12 péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbá kí ife agbègbè tó dé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní rí ara wọn láyé. Ẹni tó na aláìlera 12 àti ẹni tó na alágbára 11 tó pàdánù ẹyọ kan, tébù wo ló fẹ́ bá yín tò wọ́n? Èèyàn gbọ́dọ̀ fi ojú wò ó, kò sí bó ṣe fẹ́ jẹ́.

Ẹ má sì sọ pé kí kọ̀ǹpútà ṣe é, torí wọ́n ti ṣe é. Láti 1998 dé 2013, BCS, ètò tó ń yan tíìmù méjì tó máa gbá àṣekágbá nígbà náà, ń po ìbò èèyàn pọ̀ mọ́ ìṣirò kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2003, àwọn akọ̀ròyìn ní USC ni kìíní, àwọn kóòṣì náà ní USC ni kìíní, ìṣirò ní rárá, ó ti USC sí ẹ̀kẹta, ó gbé Oklahoma tí Kansas State ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní 35-7 lọ bá LSU (Louisiana State) gbá àṣekágbá. LSU gba ife, AP fi ipò kìíní tiẹ̀ fún USC, bí ọdún kan ṣe ní olórí méjì nìyẹn. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo mọ̀ pé ẹni tó kọ fọ́múlà ti dìbò tiẹ̀ kó tó tan ẹ̀rọ. Wọ́n tiẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n yọ iye gólù, ẹ má bínú, iye pọ́ìǹtì tí tíìmù fi ju ẹnìkejì ẹ̀ lọ kúrò nínú ìṣirò náà. Ìpinnu èèyàn ṣáà nìyẹn náà.

Lórí Florida State, Georgia fún wọn ní 63-3 nínú Orange Bowl, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje ìparí ọdún. Mo kàn ń wí ni o.

ỌmọÌjàpọ̀

Tíṣà, ẹ má fi 63-3 yẹn bá mi jà jàre! Àwọn àgbà tíìmù ti kó ẹrù wọn kúrò nílẹ̀ torí pé kò sí ife kankan níwájú mọ́, àwọn ọmọ kéékèèké ló kù tí wọ́n gbá a. Ẹ lé èèyàn kúrò nídìí oúnjẹ tán, ẹ wá ń fi ebi tó ń pa á ṣe ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n mo gba ti 130 yẹn, n ò rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

JẹjẹLayé

Ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ UCF (Central Florida). 2017, 13-0, kọ̀mítì fi wọ́n sí ipò 12 kí wọ́n tó lọ gbá Peach Bowl, wọ́n lọ na Auburn 34-27. Auburn yìí, ẹ gbọ́ o, ló na Alabama, òun náà ló na Georgia lọ́dún yẹn, àwọn méjèèjì tó padà gbá àṣekágbá. Alabama tó gba ife yẹn kò tilẹ̀ ṣe kìíní ní ìdá tiẹ̀ nínú SEC, líìgì agbègbè wọn. UCF wò ó, wọ́n ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kéde ara wọn pé àwọn ni ọ̀gá, wọ́n sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní Disney. Mo gba tiwọn ní tèmi. Ẹni tí wọn ò fún ní àga, kó gbé tiẹ̀ wá láti ilé.

ỌmọÌjàpọ̀

Ha! Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ jí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní wọ́n ti sọ ọ́ di tíìmù 12 láti 2024, ṣé ìyẹn ò yanjú ẹ̀ ni?

Ekimogun_Houston

Ó dín in kù. Ẹni tó na gbogbo èèyàn bíi Florida State ọjọ́ yẹn ò lè ṣubú mọ́. Ṣùgbọ́n ìjà tó wà láàárín kẹrin àti karùn-ún tẹ́lẹ̀ ti sún lọ sáàárín ẹni ìkẹyìn tó wọlé àti ẹni àkọ́kọ́ tó kù síta nìyẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n ní kí àwọn mẹ́rin tó gba ife agbègbè wọn sinmi ní ìpele kìíní, Oregon, Georgia, Boise State, Arizona State. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pàdánù ìdíje àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá! Ohio State tí wọ́n fi sí ipò 8 ló gba ife. Wọ́n wá yí òfin padà fún 2025, ẹni tí kọ̀mítì bá fi sí kìíní dé kẹrin ló ń sinmi báyìí, ìyẹn ni pé agbára ìbò tún pọ̀ sí i ni.

TíṣàAlágbàká

Ìyẹn gan-an ló dùn mí sà. Ìbò AP, ẹ lè wo ohun tí akọ̀ròyìn kọ̀ọ̀kan kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó bá fi tíìmù ìlú ẹ̀ síbi tí kò yẹ, àwọn èèyàn á bú u títí tí yóò fi gbọ́. Àwọn 13 yìí tí owó gidi wà lọ́wọ́ wọn ni ìbò wọn wà ní ìkọ̀kọ̀, alága nìkan ló máa jáde sórí tẹlifíṣọ̀n wá ṣàlàyé lórúkọ gbogbo wọn. Kí wọ́n máa dìbò ò burú, kí wọ́n gbé bébà ẹnì kọ̀ọ̀kan síta.

Ekimogun_Houston

Ìyá tíṣà, ẹ ò mọ àwọn ará ibí. Bí wọ́n bá gbé orúkọ yẹn síta lọ́jọ́ Sunday, tó bá di Monday, ẹni náà ò ní lè wọ ilé ìtajà ní Alabama. Mo fara mọ́ kí wọ́n gbé e jáde lẹ́yìn tí ife bá ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn ní January, kì í ṣe ṣáájú.

TíṣàAlágbàká

January ti pẹ́ jù sà. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ti lọ sílé.