Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó ẹ̀wà láti òkè Ọya, ṣé tírélà odindi ni àbí díẹ̀díẹ̀?

Ẹ kú ọjà o, ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn. Ẹ̀wà olóyin ni mò ń tà ní Bódìjà n'Íbàdàn, mo tún ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ábẹ́òkúta, ọjà Dawanau ní Kánò la ti ń kó o. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ ò ṣeé gbọ́ sétí mọ́. Tí mo bá gba tírélà odindi, bí i 300 àpò oníkílò 100, owó ọkọ̀ orí àpò kan á wálẹ̀ gan-an, àmọ́ gbogbo owó mi á há sínú ẹ̀wà, owó sítọ́ọ̀ ń lọ, kòkòrò náà ò sì dúró de ẹnì kankan, ẹ ó kàn ṣí àpò ẹ ó rí ìyẹ̀fun nídìí ẹ̀, ẹ̀wà ti lu wẹẹrẹ. Tí mo bá sì bá àwọn èèyàn pín ọkọ̀, á wọ́n, nígbà míì ọjà á ti tán ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹrù tó dé, kọ́sítọ́mà á ti bá ẹlòmíì lọ.

Àpò PICS, àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀wà yẹn, ń pa kòkòrò lóòótọ́, torí atẹ́gùn ò ní ráyè wọlé, àmọ́ ṣé owó ẹ̀ ń padà wọlé fún yín?

Ti Abẹ́òkúta ló tún ń dààmú mi jù. Ṣé kí tírélà já gbogbo ẹ̀ sí Bódìjà kí n máa fi bọ́ọ̀sì gbé e lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àbí kó já tibẹ̀ síbẹ̀ tààrà? Lójú tèmi sítọ́ọ̀ kan ṣoṣo dáa, ẹrù ò ní pọ̀ nílẹ̀ níbi méjì, àmọ́ owó alábàárù ẹ̀ẹ̀mejì ńkọ́? Ẹni tó bá ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣírò ẹ̀?