Ínsúlínì dín apoB kù nínú àwo mi, àmọ́ ọ̀rá kún ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ínsúlínì rẹ̀ pọ̀. Èwo ni kí n gbà?

Àwo_Mẹ́fà

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Sẹ́ẹ̀lì HepG2, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ èèyàn tí wọ́n ń tọ́ nínú làábù, ni mò ń lò. Mo fún àwọn kan ní ínsúlínì 100 nM fún wákàtí 16, mi ò fún àwọn yòókù. Gbogbo wọn ló gba oleate tí mo so mọ́ albumin, torí láìsí ọ̀rá yẹn, apoB (pùrótéènì tó ń gbé ọ̀rá kiri inú ẹ̀jẹ̀) tí HepG2 ń tú jáde kì í tó nǹkan. Nígbà tí mo wọn apoB inú omi orí wọn, ti àwọn tó gba ínsúlínì ló kéré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, ibì kan náà ló ń já sí.

Àwọn tó sanra, tí àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ti ń yọjú sí, ínsúlínì wọn ga, ẹ̀dọ̀ wọn sì ń da VLDL (hóró ọ̀rá tí apoB wà lára rẹ̀) sínú ẹ̀jẹ̀ ṣáá. Tó bá jẹ́ pé ínsúlínì ń dí i lọ́wọ́, báwo nìyẹn ṣe jẹ́? Alábòójútó mi ní kí n lọ tún un ṣe. Ó ti sú mi.

Màmá Ẹ̀dọ̀

Àbúrò, fara balẹ̀. Èsì rẹ kò ṣàìdáa. Láti ìgbà tí à ń fi methionine oní-sulphur-35 (amino acid tó ń tú ìtànṣán) tọpa apoB ni mo ti wà nídìí ẹ̀, ohun tó o rí yìí náà là ń rí.

Ẹ̀dọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín iye apoB tó ń hun kù. Ẹ̀yìn híhun ni ẹjọ́ wà. Pùrótéènì gígùn gbọọrọ ni, amino acid 4,536. Bó ṣe ń yọ orí wọnú ER (yàrá inú sẹ́ẹ̀lì tí pùrótéènì tó máa jáde ń gbà kọjá) báyìí ni MTP, pùrótéènì tó ń gbé ọ̀rá, ti gbọ́dọ̀ máa gbé ọ̀rá fún un. Bí ọ̀rá bá pẹ́ dé, á há sẹ́nu ọ̀nà, apá kan nínú, apá kan níta, proteasome, ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gé pùrótéènì, á sì gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èyí tó bá tiẹ̀ ráyè kọjá, wọ́n ṣì lè bà á jẹ́ kó tó jáde.

Ínsúlínì ń ti ọ̀pọ̀ rẹ̀ sọ́nà ìparun yẹn, láti ọwọ́ PI3K, ẹ́ńsáìmù tó ń jíṣẹ́ ínsúlínì nínú sẹ́ẹ̀lì. Tó o bá fẹ́ fi han alábòójútó rẹ, fi wortmannin, èròjà tó ń dí PI3K lọ́wọ́, sí i, kó o wò ó bóyá apoB á padà. (Kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú omi o. Mo sun ọ̀sẹ̀ méjì nù lórí ẹ̀ nígbà èwe mi. LY294002, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, rọrùn jù.) Ọ̀nà kejì ni FoxO1, pùrótéènì tó ń tan jíìnì: Akt, ẹ́ńsáìmù tí PI3K ń jí, á lẹ phosphate mọ́ ọn, á jáde kúrò níbi tí jíìnì wà, jíìnì MTP á sì rọlẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ ni MTP tó ti wà nílẹ̀ fi ń pẹ́ kó tó tán, nítorí náà má fi ṣàlàyé wákàtí 16.

Ó sì bọ́gbọ́n mu. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀rá tí ìfun ń kó wá ti kún ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á kọ́kọ́ pa tiẹ̀ mọ́ ná.

Ti ẹni tí ínsúlínì rẹ̀ ti ga fún ọdún, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Apá FoxO1 ti di etí, apá SREBP-1c tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe ọ̀rá ṣì ń gbọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Brown àti Goldstein tẹnu mọ́ ọn lọ́dún 2008. Ọ̀rá ara tí kò gbọ́ràn mọ́ náà tún ń tú fatty acid ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀. Eku tí wọ́n yọ pùrótéènì tó ń gba ínsúlínì (insulin receptor) kúrò nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pátápátá, ṣúgà rẹ̀ ga, àmọ́ triglyceride (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) rẹ̀ kò lọ sókè. Ìyẹn gan-an ló yí mi lọ́kàn padà.

Onípípẹ́ẹ̀tì

Màmá ti sọ ọ́. Èmi ní ìbéèrè kan: kí ló wà nínú omi tó o fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì kó tó di ọjọ́ iṣẹ́? Ó wọ́pọ̀ kí àfikún ITS (àpòpọ̀ ínsúlínì, transferrin àti selenium) kó ínsúlínì 10 µg/ml wá, bíi 1,700 nM nìyẹn. 100 nM tìrẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Má sì kọ "VLDL" sínú ìwé rẹ. Èyí tí HepG2 ń tú jáde kéré, ó sì ki, ó jọ LDL ju VLDL lọ. ApoB kan ṣoṣo ló wà lára hóró kọ̀ọ̀kan, iye hóró lo kà. Wọn triglyceride náà, kó o mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó.

Àwo_Mẹ́fà

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣí ìwé làábù mi. ITS wà níbẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Àwọn tí mò ń pè ní "aláìní ínsúlínì" ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹ̀ ni.

Màmá Ẹ̀dọ̀

Ó fẹ́ jẹ́ pé ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ju èyí tó o rí lọ nìyẹn. Fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sun láìní ínsúlínì mọ́jú, kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ṣe wákàtí 16, kó o sì ṣe ọjọ́ márùn-ún lọ́tọ̀.

Àwo_Mẹ́fà

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti fọ àwo mẹ́fà lálẹ́ yìí, mẹ́ta fún ti kúkúrú, mẹ́ta fún ti gígùn. Mo kọ "KÒ SÍ ITS" gàdàgbà sára ìgò, torí ọ̀gbẹ́ni tá a jọ ń lo fíríìjì máa ń yá a láì béèrè.