Il Gattopardo (The Leopard): ẹ̀yin tí ẹ ní ó ń súni, ẹ gbọ́

Ẹni tó bá ní fíìmù Visconti, olùdarí fíìmù ará Ítálì, yìí (1963) sú òun, ẹ kọ́kọ́ bi í pé èwo ló wò. Èyí tí wọ́n gé fún Amẹ́ríkà jẹ́ ìṣẹ́jú 161, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ti Ítálì, ìṣẹ́jú 185, ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ máa ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ (subtitle). Ẹnu Burt Lancaster, ará Amẹ́ríkà tó ṣe Fabrizio, ò ní bá ohùn mu, torí ará Ítálì kan ló bá a fi ohùn sí i lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán. Tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú 20, ojú yín á ti mọ́ ọn.

—

Ohun tó ń da olùwòran rú ni pé ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé nǹkan kan. Ẹ di èyí mú: ní May 1860, Garibaldi, ọ̀gágun tó ń jà kí Ítálì lè di ọ̀kan, àti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Marsala ní Sicily, láti gba erékùṣù náà lọ́wọ́ ọba ìdílé Bourbon tó ń ṣàkóso rẹ̀. Fabrizio ni ọlọ́lá tó ni ilẹ̀. Sedara, olórí ìlú Donnafugata, kì í ṣe ọmọ ìdílé ọlọ́lá, owó ló ní. Òun gan-an ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ó wọ kóòtù onírù wá síbi oúnjẹ alẹ́ nílé ọlọ́lá, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí ẹ̀rín yẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá dé.

—

Ẹ má fo ìran ìbò o! Ìbéèrè ni bóyá kí Sicily darapọ̀ mọ́ Ítálì. Sedara ń ka èsì, àwọn onífèrè ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹyọ "bẹ́ẹ̀ kọ́" kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Ciccio, tó máa ń bá Fabrizio ṣọdẹ, ní "bẹ́ẹ̀ kọ́" lòun dì. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Nàìjíríà?

Mo gbà fáwọn alátakò níbì kan ṣá: ìrìn àjò lọ sí Donnafugata gùn jù.

—

Ijó ìparí, bí ìṣẹ́jú 45, ni ọ̀pọ̀ ti máa ń mú fóònù. Ẹ dá a dúró ṣáájú rẹ̀, ẹ lọ sùn, ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ má wò ó lórí fóònù rárá, torí ẹ̀yìn àwọn tó ń jó ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo òógùn ọrùn wọn, ẹ wo abẹ̀bẹ̀ tí kò sinmi. Òwàm̀bẹ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kún fún póò, ìtòsí ibẹ̀ sì ni Fabrizio ti wojú ara rẹ̀ nínú dígí, tí omi bọ́ lójú rẹ̀.